Owó Ìwòran ní Conyers

Dókítà ti ní ara mi ti yá, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, kí n máa wa mọ́tò mi. Ẹni tí kò tíì gbà ni àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi wà lápò ṣòkòtò rẹ̀, èmi náà wà ní basement, yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Conyers, ní Amẹ́ríkà níbí, níbi tó kó mi sí nígbà tí ọpọlọ mi dàrú. Ibẹ̀ dára o. Kápẹ́ẹ̀tì wà, tẹlifíṣọ̀n wà. Ó kàn jẹ́ pé òkè ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a ń jẹun, ọmọ àbúrò mi ń ka iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní school sétí wa. Ó ní láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, bí orí ẹnìkan bá dàrú, ẹbí rẹ̀ á tì í mọ́ abẹ́ ilé. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn, abẹ́ ilé náà ni wọ́n tún kó wọn sí, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Bó bá di ọjọ́ ìsinmi, àwọn ará ìlú á múra, wọ́n á sanwó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wá wòran wọn.

"Ha! Àwọn òyìnbó burú o!" ni ìyàwó àbúrò mi wí.

"No conscience at all," ni àbúrò mi dáhùn. "Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. We take care of our own."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló na ṣíbí oníke sí mi. Fọ́ọ̀kì irin ló wà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Inú bí mi débi pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo sì gbé e mì kíá, torí bí mo bá dá rẹ́rìn-ín, wọ́n á pe pásítọ̀.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í pa Sunday jẹ. Bí ìsìn bá ti parí, wọ́n á gbé ìrẹsì wá, wọ́n á dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa wò mí. Àbúrò mi ni wọ́n á bi pé, "Ṣé Aunty ń sùn? Ṣé wọ́n ń jẹun?" Aunty jókòó síbẹ̀, etí Aunty ò di. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ nọ́ọ̀sì mi, mo gbé abọ́ òfìfo kan sórí àga lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ san owó ìwòran kí ẹ tó wò."

Mo rò pé ojú á tì wọ́n. Mo gbàgbé irú èèyàn tí a jẹ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá ti rí abọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò. Wọ́n tò, wọ́n ń ju dọ́là síbẹ̀, ẹnìkan dá orin ọpẹ́, bàbá kan tiẹ̀ béèrè bóyá òun lè fi fóònù san tòun.

Àbúrò mi sáré sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, what is this?"

"Ohun tí ọmọ ẹ kà ni. Ìwọ nìkan ni o ò tíì san."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Kọ́kọ́rọ́ mi ló bá a jáde. Ó wo àwọn èrò, ó wá wò mí, bí èèyàn ṣe ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fi í sínú abọ́.

Ní Monday, mo wa mọ́tò mi lọ síbi iṣẹ́ ní Jonesboro. Nínú dígí mọ́tò, mo rí àbúrò mi tó ń fi mọ́tò tirẹ̀ tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Inú bí mi gan-an. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, tí mo bojú wẹ̀yìn, tí n kò rí i mọ́, mo jókòó sínú mọ́tò, mo ń wá a.