Àkísà Tí Mo Fi Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Ya

Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi sì ti gbé ara ògiri títí tí aáyán fi ń kà á, kí n tó jókòó sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án gangan, tí mo ń fi òkúta ha bùbá tuntun kí ó lè gbó.

Àlájà tó ni ilé tí mo ti háyà yàrá kan ní Okota ló kọ́kọ́ rí mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, aṣọ ló ń tà ní Ọ̀ṣòdì, kò sì lè dákẹ́ bí wọ́n bá ń fìyà jẹ aṣọ.

“Ọ̀mọ̀wé, kí laṣọ yẹn ṣe fún ẹ?”

“Mo fẹ́ kó gbó ni, mà.”

“Kó gbó? Ní Èkó yìí? Wọ̀ ọ́ wọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì péré, á gbó fúnra ẹ̀.”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Àlájà pé àwọn àgbàlagbà kan fẹ́ pàdé ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Erékùṣù, tí oníkálukú á múra bí èèyàn inú ìwé ìtàn aláwòrán tó fẹ́ràn, tí wọ́n á sì máa ya ara wọn ní fọ́tò láti àárọ̀ di alẹ́? Èmi náà ò lọ rí. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Abẹ́ tábìlì tí ìyá mi ti ń ránṣọ ní Ẹdẹ ni mo ti máa ń kà á, tí àjákù aṣọ á máa já bọ́ sí mi lórí. Mo rò pé tí mo bá lè dé gbọ̀ngàn yẹn, tí mo sì gun orí pèpéle rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá rí àwọn èèyàn mi.

Àwọn èèyàn mi ọ̀hún jẹ́ mẹ́ta. A pàdé lórí fóònù, a sì fẹ́ jọ gun orí pèpéle gẹ́gẹ́ bí èèyàn mẹ́rin inú ìwé kan tó dá lórí ìlú Yorùbá àtijọ́: ọba, ayaba, jagunjagun, àti alágbe tó ń jókòó sẹ́nu ibodè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ire-Akari ni olórí wa. Òun ló fẹ́ ṣe ọba. Kò lè sọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta tẹ̀ léra wọn kó má sinmi láàárín, ó sì máa ń gba imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tọ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ibi tó jìnnà jù tó dé rí ò ju Kútọnu lọ. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti ra adé Yorùbá rẹ̀. Ayaba ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ láti inú fídíò. Jagunjagun fi fóòmù gé ìhámọ́ra, ó sì ń bínú sí ẹnikẹ́ni tó bá pè é ní fóòmù.

Ọjọ́ tí a pín ipò, ọba ló sọ̀rọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, alágbe yẹn, ẹ̀yin ló máa bá mu jù.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù nínú wọn. Ẹni tó bá ń fi ayé ṣẹ̀sín gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tètè rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa rójú rẹ̀ dáadáa.

Bí mo ṣe di alágbe nìyẹn, mo sì pinnu pé kò ní sí alágbe tó tó mi. Mo ra bùbá àti ṣòkòtò kíjìpá ní Ọ̀ṣòdì. Mo fi òkúta ha orúnkún rẹ̀, mo fi àbẹ́là jó etí rẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi tíì fún ọjọ́ méjì. Mẹkáníìkì kan nítòsí Àgọ́ Palace fún mi ní ọ́ìlì dúdú díẹ̀, mo fi pa á láyà. Ibi tí mo fẹ́ kó ya, mo kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Mo mọ ìdí tí ihò kọ̀ọ̀kan fi wà níbi tó wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mi ò fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ ọ̀hún ni kí n máa tún ọ̀rọ̀ inú ìwé ètò ìsìnkú ṣe ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ìsọlọ̀. Nílé, mo sọ fún wọn pé olóòtú àgbà ni mí.

Ó ku ohun kan. Ọba ní kí oníkálukú wọ aṣọ rẹ̀, kó ya fọ́tò, kó sì fi ránṣẹ́ kí aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lù, nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìpàdé. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá kún ojú òṣùwọ̀n, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọmọ kan sì ti wà nílẹ̀ tó ń retí àyè mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi dé láti Ẹdẹ. Funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Ó ju ogún ọdún lọ tó fi ránṣọ, ṣùgbọ́n ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mo mú un lọ rí dókítà ojú. Dókítà kán oògùn sí i lójú, ó ní: “Màmá, títí a ó fi ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ fi ojú yìí sílẹ̀ kó sinmi. Ẹ má kàwé, ẹ má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. “Abẹ́rẹ́ wo? Kí ni mo tún fẹ́ fi rán?”

Ní ọjọ́ Ẹtì mo jáde lọ síbi iṣẹ́. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ nígbà tí mo padà dé. Aṣọ mi wà lára ìṣó ògiri. Ó mọ́ tónítóní. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó sì dúró gbagidi bí aṣọ ọlọ́pàá lọ́jọ́ ayẹyẹ. Gbogbo ihò rẹ̀ ti dí. Mo sún mọ́ ọn, mo wo orúnkún rẹ̀: fọ́nrán ni wọ́n hun padà sínú fọ́nrán, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, débi pé ọwọ́ mi ni mo fi rí ibi tó ti ya, kì í ṣe ojú.

“Màámi, kí lẹ ṣe?”

“Mo bá ẹ fọ̀ ọ́ ni, mo sì bá ẹ dí àwọn ibi tó ya. Ọ́ìlì yẹn nìkan ló fẹ́ ṣorí kunkun.” Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. “Àlájà ló bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ni mo fi wá ọ̀nà ìyókù.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?”

“Ta ló yẹ kó rán mi níṣẹ́ kí n tó rán aṣọ ọmọ mi?”

“Aṣọ eré ni, Màámi! Èmi ni mo ya á! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ya á!”

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Mo gbálẹ̀ débẹ̀ ni. Mo bá a nínú náílọ́ọ̀nù dúdú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ohun téèyàn ń fi pa mọ́ fún ìyá ẹ̀. Mo rò pé òun lò ń wọ̀. Mo ní, ó dáa, tó o bá ń fi pa mọ́ fún mi, èmi náà á fi pa mọ́ fún àwọn ará ilé.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ iléèwé: ìwé aláwòrán, gbọ̀ngàn, pèpéle, alágbe.

“Wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó wọlé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ni àwọn mẹ́ta yòókù máa ṣe?”

“Ọba, ayaba, jagunjagun.”

“Ìwọ lo yan alágbe?”

Mo ní gbogbo wa la jọ yàn án.

“Mi ò bi ẹ́ léèrè gbogbo yín,” ìyá mi wí.

Àwọn olùkọ́ mi ní yunifásítì kọ́ mi láti fi ìbéèrè kan ṣoṣo tú èèyàn sí ìhòòhò. Ìyá mi kò dé iléèwé girama. Mo wo aago: mẹ́fà ku díẹ̀.

Ó yẹ kí n fi fóònù yẹn sílẹ̀. Ó yẹ kí n jókòó tì í, kí n bá a kán oògùn sójú. Bíléèdì ni mo wá. Aṣọ náà kọ̀ láti ya níbi tí mo ti ya á tẹ́lẹ̀. Ojú ibẹ̀ ti le ju ibi tó kù lọ. Mo ní láti máa gé òwú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí n tó fi ipá fà á. Yàrá kan náà la wà. Ojú ló ń dun ìyá mi, etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó yíjú sí ògiri, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo fi eérú ààrò Àlájà pa á, mo wọ̀ ọ́, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́. Aago méje kò tíì lù tí ọba fi dáhùn. Ó fi ohùn ránṣẹ́, mi ò sì rántí dín ariwo fóònù náà kù.

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ pa á! Ẹ jọ ẹni tí ò ní ìyá láyé rárá!”

Ìyá mi kò yíjú padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ti wọṣọ tán, mo fẹ́ máa lọ. Ó pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ ṣàdúrà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi ìka wá èjìká mi, ó tọ ibi tó ya níbẹ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe sí aṣọ oníbàárà tó bá mú ẹjọ́ wá.

“O gé ibí yìí ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ,” ó wí.