Ohun Tí Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi Sọ

Adití ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tán lára rẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń pe nǹkan. Ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń sọ bí nǹkan náà ṣe rí. Tó bá fi ọwọ́ ṣe odò, tó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, odò ti kún nìyẹn. Tó bá fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọnú, odò ti gbẹ. Bàbá wa kì í wo ojú rẹ̀. Wọn a wo ọwọ́ fìrí, wọn a ní àwọn ti gbọ́. Kí n má purọ́, wọn ò gbọ́ ìdajì.

Ìgbà ogun ni, abúlé wa kò sì jìnnà sí ìlú Ìrókò níbi tí wọ́n ti ń jà. Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá. Ọyẹ́ bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé àwọn igi ọ̀pẹ dà bí ohun tí mò ń rí lójú àlá. Inú ọyẹ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti sáré yọ, tó ń fi ọwọ́ sọ pé: èèyàn, èèyàn, èèyàn, wọ́n ń bọ̀.

"Ogun dé!" ni bàbá wa ké. "Ẹ bá mi gbé ìyá yín, ó dinú igbó!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ni ìyá wa wí. "Bẹ́ ẹ bá gbé mi, ọ̀nà ni màá kú sí."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ètè rẹ̀ rọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọnú, ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ọwọ́ tó fi ń ṣe ìrìn ń wọ́ tuurutu. Ká ní jagunjagun ló ń bọ̀, eyín ni ì bá pa pọ̀.

"Bàbá, ẹ wo ojú ẹ̀gbọ́n mi! Ó ti rẹ àwọn èèyàn náà. Ebi ń pa wọ́n," ni mo ké.

Bàbá wa, tí wọ́n ti gbé ìyá wa nílẹ̀, dúró. Wọ́n wò ó dáadáa, ó sì tún un sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n gbé ìyá wa padà sórí ẹní.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn náà yọ nínú ọyẹ́: obìnrin àti arúgbó tí ogun lé kúrò nílé, ẹrù lórí, eruku lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú wọn ló bá wa wẹ ọmọ.

Nírọ̀lẹ́, bàbá wa pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì kan àyà, wọ́n nà án sí i: o ṣeun. Ojú wọn le bí ẹni tó ń jà sí ààlà oko. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó fi àtàǹpàkò tẹ́ iwájú orí wọn, ó gbé ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn sókè, títí "o ṣeun" fi di "o ṣeun gan-an". Bàbá wa ń sunkún, wọn ò sì jẹ́ kó gbọ́wọ́ kúrò.