Mo Jowú Ẹnìkan Tó Ń Jẹ́ Tío

Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bá mi bo àṣírí yìí: mo jí ìwé. Èmi tí irùngbọ̀n mi ti funfun, mo jí ìwé atúmọ̀ èdè ọmọ mi, mo rì í mọ́ inú àpò àjákù aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi níwájú ilé, nítòsí ọjà Ouando. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò rẹ̀ ni o!

Nítorí kí ni? Owú.

Ràfíátù lorúkọ ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló bí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Bàbá Kékeré ló ń pè mí. Ó wọ yunifásítì ní Calavi, mo ti ń retí lọ́yà, ló bá ní èdè Sípéènì lòun fẹ́ kọ́. Mo ní ṣé Faransé ti tán ni? Bẹ́ẹ̀ èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní CM1 nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Faransé tèmi ò ju èyí tí mo fi ń wọn ṣòkòtò fún àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń tu àgbà nínú. Lọ́jọ́ kan ó jókòó ti máṣíìnì mi, ó ní lédè Sípéènì, àbúrò bàbá ẹni ni wọ́n ń pè ní tío. Ẹ wo ayọ̀! Mo ní kí gbogbo àdúgbò máa pè mí ní Tío. Ìyàwó mi ní ó jọ orúkọ ajá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọmọ yìí lẹ́yìnkùlé, pọ́táàbù, ìyẹn fóònù rẹ̀, wà létí rẹ̀, Sípéènì ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń pe ẹnìkan: "Tío! No, tío!" Tío wo nìyẹn? Ṣé mo ti kú ni?

Ojoojúmọ́ ni! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí bí ológbò. Mo ti fọkàn ya àwòrán ọkùnrin náà: ó sanra, Sípéènì ló ń gbé, ó ní mọ́tò. Ṣé òun ló pọn ọmọ yìí lọ ilé ìwòsàn nígbà tí ibà fẹ́ pa á? Ẹni tó bá sì ti rí bàbá kékeré olówó lọ́hùn-ún, ṣé yóò tún rántí aránṣọ Ouando? Mo ní ìwé atúmọ̀ èdè Sípéènì yẹn ló fẹ́ gbé e lọ. Bí kò bá rí ìwé, kò ní lọ. Ẹ ò rí ọgbọ́n?

Ó wá ìwé títí. Ó bi mí. Mo ní bóyá eku ló gbé e. Ìwé tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù!

Nígbà tí ìdánwò ẹnu ku ọ̀la, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní Bàsírù ni òun, láti Adjarra, kíláàsì kan náà lòun àti Ràfíátù, òun wá yá a ní ìwé atúmọ̀ èdè tòun. Ni Ràfíátù bá sáré jáde: "Áà, tío! O ṣeun!"

Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ ni Tío?"

"Ẹ̀n, bàbá?"

"Ìwọ tín-ín-rín yìí ni àbúrò bàbá rẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ràfíátù ní àwọn ọ̀dọ́ Sípéènì, tío ni wọ́n ń pe ara wọn, bí àwa náà ṣe ń pe ẹni tó ń ta epo inú ìgò létí títì ní tọ́ntọ́n, ìyẹn àbúrò bàbá lédè Faransé. Ṣé ó bá wa tan ni?

Ó yẹ kí n mú ìwé jáde lójú ẹsẹ̀. Mi ò mú un. Ojú tì mí, owú náà ò sì tíì tán lára mi: ta ni Bàsírù yìí gan-an?

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: owú kì í ṣe ògbufọ̀ rere. Èdè tí kò gbọ́ ló máa ń yára túmọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti gbé pamọ́ kí ọmọ yín má baà lọ jìnnà? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kí n má dá ìtìjú jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Ràfíátù ti ibi ìdánwò dé. Ó ní wọ́n ní kí òun sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan nínú ẹbí, òun sì sọ ti Bàbá Kékeré. Olùkọ́ ní ṣé kì í ṣe tío ló yẹ kó pè é? Ó ní òun dáhùn pé rárá, tío kò tó o.

Ó lọ tààrà síbi àpò àjákù aṣọ, ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó gbọn òwú kúrò lára rẹ̀.

"Eku yín mà mọ̀wé o! Bàbá Kékeré, tío kún ìgboro Sípéènì. Bàbá Kékeré ò sí níbẹ̀. Ṣé mi ò wá ní padà wálé ni?"