Fáànù Tí Mo Rà sí Fàràńdà Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí èémí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi ju ohùn rẹ̀ lọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Tíṣà kékeré ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkukù, n kò tíì gbéyàwó, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí iṣẹ́ bá ti parí ni mo máa ń wọ mọ́tò lọ sí Ìníṣà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá mi. Kápẹ́ńtà ni bàbá mi. Ilẹ̀kùn àti òrùlé tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde nílùú náà kò lóǹkà, títí dé Igbaye ni wọ́n ti ń wá a wá. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja mọ́. Bí ó bá rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, yóò di ilẹ̀kùn mú, yóò máa mí bí ẹni tó sáré láti oko dé.

A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkìrun. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò máa fa omi inú ara rẹ̀ jáde, ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ọkàn bàbá mi ti rẹ̀, kò sì sí oògùn tí yóò sọ ọ́ di tuntun. Mo bi í pé kí wá ni kí á ṣe. Ó ní kí á dín iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ kù, kí á sì jẹ́ kó máa jókòó níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ iyọ̀, ti ìyá mi ni. Nínú gbogbo ohun tí dókítà sọ, afẹ́fẹ́ nìkan ni mo gbé dání dé ilé, nítorí òun nìkan ló dà bí iṣẹ́ tí èmi lè ṣe.

Bàbá mi ti yan ibi ìjókòó rẹ̀ kí dókítà tó sọ̀rọ̀. Fàràńdà iwájú ilé ni, lórí àga onírọ̀gbọ̀kú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ó ní inú yàrá ń fún òun lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni a wà, páànù tó bo fàràńdà náà a sì máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ pàápàá fi ń sá kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ní màá ra fáànù sí i, fáànù àjà, èyí tí wọ́n ń so mọ́ òkè. Ìyá mi ní kí n kúkú ra onídùúró, kí á lè máa gbé e wọlé. Mo ní ewúrẹ́ yóò bì í ṣubú. Obìnrin tó ń gbé ní ilé kejì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé títì ni tíṣà fẹ́ máa fẹ́ atẹ́gùn sí ni. Ẹ̀rín rẹ̀ yẹn ló bá mi dé Ìkìrun.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ni ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀. Ó so fáànù bíi mẹ́jọ mọ́ òkè, ojú mi sì lọ tààrà sára ọ̀kan tí apá rẹ̀ márààrún ní àwọ̀ igi dídán, tí wọ́n fi nǹkan aláwọ̀ wúrà yí ìdí rẹ̀ ká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni funfun kan wà, onírin, alápá mẹ́ta, irú èyí tí à ń rí ní ọ́fíìsì ìjọba. Ìyá náà kò tíì dárúkọ iye kankan. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Níbo lo fẹ́ so ó sí, ọmọ mi?”

Ọkùnrin méjì mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rajà, mo sì rántí obìnrin ilé kejì. Mo ní, “Pálọ̀ ni, Màmá.” Ó ní bó bá jẹ́ pálọ̀ ni, a jẹ́ pé kí n mú èyí tí mò ń wò yẹn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi bèèrè ọ̀nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú tí n kò lọ ni mo dárúkọ.

Mo gbé e délé tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo tú páálí rẹ̀ síwájú bàbá mi. Ó mú apá kan nínú rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mejì bí ó ti máa ń gbá pákó kó tó rà á. Ó wá wò mí lójú pẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ó dára. O ṣé gan-an.” Lọ́jọ́ kejì, oníṣẹ́ iná wá so ó mọ́ igi àjà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo lọ dúró lójú títì, mo ń wò ó láti ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí iná bá ti wà, atẹ́gùn a máa fẹ́ ẹ̀wù bàbá mi láyà, èmi a sì máa sọ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní Òkukù pé ara bàbá mi ti ń yá.

Òjò àkọ́rọ̀ wá dé pẹ̀lú ìjì. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń fẹ́ wọ fàràńdà. Ìyá mi sáré mú bàbá mi wọlé, kò sẹ́ni tó rántí fáànù. Òjò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Jímọ̀, apá márààrún ti rọ wálẹ̀ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Ohun tí mo pè ní igi, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni, omi sì ti wọ̀ ọ́. Mo tan án, ó ń mì jìgìjìgì lókè, mo yára pa á kó má baà já lé bàbá mi lórí.

Mo jókòó sórí pèpéle. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Mo mọ̀ pé kò ní gba òjò. Ọjọ́ tí o gbé e dé ni mo ti mọ̀.”

Mo ní, “Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi?”

Ó sinmi kó tó lè dáhùn. “Inú rẹ ń dùn. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ.”

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. N kò fẹ́ sunkún níwájú rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣe bí ẹni tó ń fún adìẹ lóúnjẹ.

Ní Sátidé, mo ki apá fáànù kan sínú àpò, mo padà sí Ìkìrun. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní pálọ̀ wo ni òjò ti ń rọ̀ báyìí. Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo sọ ti fàràńdà, mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ti èémí rẹ̀ tí mo máa ń gbọ́ láti ojú títì kí n tó wọlé. Kò bínú. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ibikíbi tí òjò bá ti lè fọwọ́ kàn, onírin tí wọ́n kùn dáadáa ni kí n rà, kí n rí i pé wọ́n bo mọ́tò rẹ̀ dáadáa kí omi má wọ̀ ọ́, kí oníṣẹ́ iná sì so ó sẹ́yìn díẹ̀, kó jìnnà sí etí òrùlé. Ó wá ní, “Ká ní o sọ fún mi pé aláìsàn ló fẹ́ jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni. Èmi náà ti jókòó rí ti ẹni tí kò lè mí dáadáa.” Funfun alápá mẹ́ta yẹn, tí mo fojú tẹ́ńbẹ́lú níjọ́sí, ni mo gbé lọ.

Fáànù yìí kò ní àléébù kankan. Òjò rọ̀, ìjì jà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ara bàbá mi ni kò gbà. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé orúnkún. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, mo tan fáànù náà dé ibi tó le jù, mo jókòó tì í, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì ń wá èémí síbẹ̀síbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ má fi tèmi ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ṣé ó ń ràn yín lọ́wọ́?”

Ó gbójú sókè wo fáànù náà bí oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. “Ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀,” ó ní. “Afẹ́fẹ́ pọ̀ níta. Inú mi ni kò gbà á mọ́.”

Ó wá sọ ohun tí n kò rò rí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ máa bá òun pa á nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì àti oko bọ̀. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí òun gbọ́ ẹni tó ń kí òun, àwọn tí wọ́n kí òun tí òun kò dáhùn kì í sì í yà mọ́. Èmi rò pé nítorí atẹ́gùn ló ṣe ń jókòó síta. Nítorí èèyàn ni. Mo dìde, mo pa fáànù. Kò pẹ́ tí bàbá àgbẹ̀ kan fi kọjá lórí kẹ̀kẹ́, ó ní, “Bàbá Kápẹ́ńtà, ẹ kú ìjókòó o.” Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, ojú rẹ̀ sì túká. Òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Mo ń fi áńkáṣíìfù mi nù ún, òun sì ń wo ojú ọ̀nà, ó ń retí ẹlòmíràn.

Kò jẹ iṣu tuntun ọdún náà. Inú kíláàsì ni mo wà ní Òkukù nígbà tí wọ́n wá pè mí. Nígbà tí mo fi dé Ìníṣà, wọ́n ti gbé e kúrò lórí àga.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, Ìkìrun ni mo ń gbé. Tẹ́lẹ̀, ojú máa ń tì mí bí mo bá rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tó ń purọ́ pálọ̀. Kò tì mí mọ́. Ẹni tí kò rí nǹkan kan ṣe sí àìsàn bàbá rẹ̀ ló máa ń wá ohun tí yóò rà kiri. Ohun tó kù sí mi lára ni àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn, tí mo jókòó tì í, tí mò ń mí láìsí wàhálà kankan, tí èémí sì pọ̀ nínú mi ju ohun tí mo nílò lọ. Ọmọ lè fún bàbá rẹ̀ láṣọ, ó lè kọ́lé fún un. Èémí ni kò sí bí a ṣe ń bù ú fún ẹnikẹ́ni.