Òfin Tí Mò Ń Kọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlaròó. Ibì kan wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa tí mo máa ń mú wọn kọ́ sórí: ẹni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì gbé e dé kóòtù, bí kóòtù bá wà nítòsí, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, àgbẹ̀ tí kò kàwé, a máa jókòó tì mí tí mo bá ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, a ní kí n tún un kà.

"Ṣé ó kan àgbẹ̀ náà?"

Mo ní ó kan gbogbo wa.

Oko bàbá wa wà lẹ́bàá Ìfọ́nyìntẹ̀dó, ìdajì níhìn-ín, ìdajì ní ilẹ̀ Benin. Àárín ẹ̀gẹ́ ni òkúta ààlà wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń bọ̀ wálé, ni àwọn agbófinró ilẹ̀ wa bá dá a dúró. Àwọn ti òdìkejì ló sábà máa ń bá lójú ọ̀nà, Faransé ló sì fi ń kí wọn. Òun náà ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Bọ́nsúù, ṣẹ́ẹ̀fù." Wọ́n ní àjèjì ni. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀wù nílé. Wọ́n tì í mọ́lé.

Mo gbé káàdì náà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀gá wọn ò tilẹ̀ wò ó. "Wọ́n ń ta irú ẹ̀ lọ́jà." Ọ̀rọ̀ òfin yẹn dé ètè mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yẹ̀pẹ̀, èmi tísà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú wa." Ẹnu dùn ún ròfọ́ lóòótọ́. Mo tún lọ dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, láìsọ ẹ̀sùn, láìsọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Inú bí mi, àmọ́ ara mi ni inú ń bí mi sí jù.

Lórí ọ̀kadà tó ń gbé wa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ sí mi létí láti ẹ̀yìn.

"Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀. Mo kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tí o máa ń kà yẹn. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ níta, mo máa ń sọ fún wọn pé, ẹ farabalẹ̀, àbúrò mi ti ń sọ ọ́ fún wọn."

Mo ní, "Hẹ́n, ẹ̀gbọ́n."

Láti ìgbà náà, tí a bá dé ojú ìwé yẹn ní kíláàsì, n kì í fi ẹnu ara mi kà á mọ́, ọmọ kan ni mo máa ń ní kó dìde kà á.