Ọmọ Méjì Nínú Ìwé, Ọ̀kan Nínú Ọkọ̀

Rédíò ni mo ń tún ṣe ní ibùdókọ̀ Elavagnon, nítòsí ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé, ìwé àṣẹ ìrìnàjò ọmọdé ni màá sọ. Ìjọba ní kí ìlú àti abúlé yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ ṣe ẹrú ní oko àti ní ilé olówó lẹ́yìn ẹnubodè. Wọ́n yàn mí torí pé iwájú ìsọ̀ mi ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà jáde. Nígbà tí wọ́n dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ní Atakpamé, fìlà tí wọ́n pín ni àwọn yòókù ń dù. Ìwé òfin ni èmi mú ní tèmi, mo sì kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Mo mọ ibi tí òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí: kí ìdajì gun orí fọ́tò, kí ìdajì wà lórí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí fọ́tò náà kó lẹ òmíràn mọ́ ọn. Àwọn awakọ̀ ń pè mí ní Ọ̀gá Òfin. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, inú mi sì ń dùn sí i.

Lọ́jọ́ ọjà kan, lásìkò ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé, tásì kan ń kó èrò lọ sí Benin. Màmá kan jókòó lẹ́yìn, ó gbé àpò lé itan. Ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo béèrè ìwé. Màmá yọ ọ́ látinú ọ̀rá, ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ni òun, òun ń mú un lọ kí ìyá àgbà rẹ̀. Òǹtẹ̀ wà níbi tó yẹ. Ọjọ́ ìpadà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni ìwé kọ, ìbejì, obìnrin méjèèjì.

Mo ka ọmọ inú ọkọ̀. Ọ̀kan. Mo tún un kà.

Mo wá gbé fọ́tò méjèèjì súnmọ́ ojú. Ìbejì máa ń jọra, mo gbà, ṣùgbọ́n nínú ti àkọ́kọ́, bọ́tìnnì kejì ti já lára aṣọ, òwú rẹ̀ sì yọ sápá òsì. Nínú ti èkejì, bọ́tìnnì kejì ti já, òwú yọ sápá òsì. Fọ́tò kan náà ni wọ́n lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí irú ìwé báyìí.

Wọ́n kọ́ wa pé ọmọ ni kí a kọ́kọ́ bi, kí a sì lóṣòó kí ojú wa lè bá tirẹ̀ dọ́gba. Mo lóṣòó lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀.

“Ọmọ mi, èkejì rẹ dà?”

“Ó ń sùn.”

“Níbo?”

“Nínú àpò.”

Ọkùnrin tó jókòó níwájú bọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ títí tó fi dé abẹ́ igi máńgòrò. Èmi ti gbé fóònù sétí, mo ń pariwo sí jáńdáàmù, ọlọ́pàá ìlú wa, pé kó máa bọ̀, ọmọ wà nínú àpò! Bí màmá yìí kò bá rí àlàyé ṣe, àtìmọ́lé ni yóò sùn, wọn yóò sì mú ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú ní Atakpamé.

Màmá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Bàbá, ṣé ìlú yìí kọ́ ni wọ́n ti bí yín ni?”

Ó tú àpò. Ère igi kékeré kan ló gbé jáde, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àǹkárá kan náà ni wọ́n rán fún òun àti ọmọ náà, wọ́n sì fi àtíkè kùn ún lójú.

Mo mọ̀ ọ́n, kí ni mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀? Èkejì ọmọ náà ti kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn, ère yìí ló dúró fún un. Bí wọ́n bá ra bàtà fún ọ̀kan, wọn á ra fún èkejì. Nígbà tí akọ̀wé wá bi bàbá wọn pé ọmọ mélòó ló ń rìnrìnàjò, ṣé ẹ rò pé yóò dáhùn pé ọ̀kan? Fọ́tò náà kò ní ẹ̀tàn kankan: ojú kan náà ni wọ́n ní.

Jáńdáàmù dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Òkú náà dà?”

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ fi orí lé sítíárì, èjìká rẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n jáńdáàmù kò rẹ́rìn-ín. Ó gba nọ́ńbà bàbá ọmọ lọ́wọ́ màmá, ó pè é, ó ní kó ṣàlàyé ẹni tó ń mú ọmọ rẹ̀ lọ. A gbọ́ ohùn bàbá náà ketekete: “Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé àwọn méjèèjì ti jẹun?”

Jáńdáàmù yíjú sí mi. “Ìwé ní méjì. Mélòó lẹ rí?”

“Ọ̀gá Òfin, ẹ dáhùn o!” ni awakọ̀ wí.

Bí mo bá pè é ní ọ̀kan, ìwé kò bá iye ọmọ mu, ìrìnàjò parí nìyẹn. Mo tún wo inú ọkọ̀.

“Méjì,” ni mo sọ.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ,” ni jáńdáàmù wí.

Mo juwọ́ sí wọn, mo fò sókè bí ọmọdé. Ìgbà tí eruku rọlẹ̀ ni mo tó rí i pé ìwé wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi! Láìsí i, ẹnubodè ni wọn yóò ti dá wọn padà. Mo bọ́ sẹ́yìn alùpùpù tó wà nítòsí, mo ní kí ẹni tó gùn ún sáré, kó sáré, fìlà mi fò lọ, a bá wọn ní orí afárá. Màmá gba ìwé, ó tú u wò níkọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀, fọ́tò, ọjọ́ ìpadà, bí mo ti ṣe gan-an. Ó wá mú ọsàn méjì fún mi.

“Ẹ kà wọ́n kó lè dá yín lójú.”

Mo kà wọ́n lóòótọ́. Kí n tó gbójú sókè, ọkọ̀ ti kọjá afárá, ó ń sáré lọ sí Benin.