Àlọ́ Ẹ̀rọ Tó Ń Hun Aṣọ Ọkàn

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Ìyá Ràímì fẹsẹ̀ rìn láti Òjé wá sí ilé ìtẹ̀wé wa ní Bẹ̀rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bèèrè pé èwo nínú wa ni òpùrọ́. Gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nawọ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò tilẹ̀ wojú ara wọn.

"Ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ?"

"Mi ò kọ ọ́, Ìyá. Mo túmọ̀ ẹ̀ ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí látìgbà tí irun mi ṣì dúdú kirikiri, mi ò sì tíì rí èsì tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn.

"Ọkọ mi ti tú òfì rẹ̀ palẹ̀ láàárọ̀ yìí," ni ìyá wí. "Ó ní oko lòun ń lọ. Ọkùnrin tí kò lè dá ewé iṣu mọ̀ yàtọ̀ sí ewé èsúrú! Dìde ńbẹ̀, kí o wá tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe."

Mo dìde. Ara mi sọ pé kí n jókòó, ṣùgbọ́n ojú ìyá kò gbà bẹ́ẹ̀.

Bí a ti ń rìn lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Àwọn èèyàn a máa pè mí ní ògbufọ̀, wọ́n ń pọ́n mi lé ni. Ògbufọ̀ ni ẹni tó ń dúró láàárín ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti àwọn ìjòyè, tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu kan sétí kejì. Wọ́n ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ń gbé adìẹ wá fún un. Ìwé ni èmi ń túmọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ìyẹ́ adìẹ wá fún mi rí. Iye tí kòkó ń lọ, òfin tuntun lórí ààtàn, ìkéde àwọn onírélùweè, gbogbo ẹ̀ ni mo ń yí sí Yorùbá fún ìwé ìròyìn wa, títí ojú á fi máa ta mí bí ẹni tó gé àlùbọ́sà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé mi ró. Rélùweè a máa gbé àwọn ìwé òyìnbó kan wá láti Èkó. Nínú wọn ni mo ti máa ń rí ìtàn kúkúrú nípa ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀: ọkùnrin tó kan ọkọ̀ tó ń fò kọjá ìkùukùu, obìnrin tó ń fi wáyà bá ọmọ tí kò tíì bí sọ̀rọ̀. Wọn ò gùn, ṣùgbọ́n wọ́n mú bí abẹ onígbàjámọ̀. Ẹni tó kọ wọ́n kì í ṣàlàyé jù. Ó kàn ń yí ohun kan ṣoṣo padà nínú ayé, á wá jókòó máa wo ohun tí ọmọ aráyé máa ṣe. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Wọ́n sì ń pa mí, nítorí kò sí ohun tó ń rẹ èèyàn bíi kó máa wá orúkọ fún ohun tí òyìnbó fúnra rẹ̀ kò tíì fojú rí.

Ọ̀kan nínú wọn ni ti ẹ̀rọ yìí. Wọ́n kan án sí àárín ìlú kan. Bí èèyàn bá wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ á wo ọkàn rẹ̀, á hun ohun tó bá rí níbẹ̀, onítọ̀hún á sì wọ̀ ọ́ jáde. Àwọn ahunṣọ ìlú náà dáná sun òfì wọn.

Ní Ọjà'ba, ọ̀gbẹ́ni kan ló máa ń ka ìwé ìròyìn wa sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ìyá wá, ó ka iye kòkó, ó ka òfin ààtàn, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ ìtàn ẹ̀rọ láìmí. Ọ̀sán gangan ni, àwa kì í sì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Kò sí "Ààlọ́ o," kò sẹ́ni tó dáhùn "Ààlọ̀." Ohun tí èèyàn bá sọ lójú oòrùn, tó jókòó ti òfin ààtàn, òótọ́ nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Bàbá Ràímì wà níbẹ̀. Ó gbọ́ dé ibi tí wọ́n ti dáná sun òfì, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó dìde.

Nígbà tá a dé Òjé, bàbá jókòó lórí ẹní, àwọn igi òfì rẹ̀ fara ti ògiri. Òkúta tó máa ń fa òwú le ti wà lẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ tì í.

"Bàbá, ẹ káàsán. Ẹ̀rọ yẹn, kò sí i o. Àlọ́ ni."

"Àlọ́ lọ́sàn-án?" Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Akọ̀wé, má fi mí ṣeré. Aṣọ òyìnbó ti kún Ọjà'ba, ṣé mo sá? Mò ń bá a dù ú, nítorí ẹni tó hun ún kò mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wo ọkàn, kí ni mo fẹ́ fi bá a jà?"

Mo ní, "Tí ẹ bá kírun Mọ̀gáríbì tán, mò ń padà bọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ ilé jọ."

Nígbà tí mo padà dé, ilé ti kún. Ìyá Ràímì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn bàjẹ́ lópin ẹ̀ o."

"Kò bàjẹ́ nínú ìwé, Ìyá."

"Ta ló fẹ́ lọ wo ìwé?"

Ẹ má rò pé kò wù mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, bàbá á sì padà sídìí òfì rẹ̀. Àfi bí bàbá ṣe gbóhùn sókè láti orí ẹní: "Akọ̀wé! Bó ṣe wà ni kó o sọ ọ́ o. Má tàn mí."

Mo ní, "Ààlọ́ o!" Gbogbo ilé dáhùn, "Ààlọ̀!" Mo fi orin kan sí i tí kò sí nínú ti òyìnbó, bí olótùú wa bá ka èyí, kó foríjì mí. "Ẹ̀rọ, ẹ̀rọ, wo ọkàn mi," wọ́n á gbè é, "Hun ún ká rí." Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Ahun kan tó máa ń ní òun ò lówó wọlé, ó wọ aṣọ olówó jáde. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ méjì jọ wọlé, aṣọ ìjà ni wọ́n wọ̀ jáde. Ẹ̀rín kù díẹ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín wọlé, aṣọ ọ̀fọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó jáde, ọkọ rẹ̀ sì dúró níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbe orin mọ́. Mo sọ ọ́ parí bó ṣe wà: ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kí ẹlòmíì má bàa rí aṣọ rẹ̀. Ọjà dá páropáro. Ìlú dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìyá Ràímì wò mí bí ẹni tó máa gbá mi létí.

"Ẹni tó kọ ọ́," ni bàbá wí, "ṣé ó rí ẹ̀rọ náà?"

"Rárá, Bàbá. Ó rò ó ni."

"Ẹ̀rù ń ba òun náà nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó mọ ọmọ aráyé o. Akọ̀wé, ọ̀pọ̀ ìyàwó ni mo ti hun aṣọ fún. Mo máa ń wo ojú wọn. Ẹni tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, èmi kì í hun ìbànújẹ́ rẹ̀ fún un. Èyí tó máa fi bò ó ni mò ń hun."

Ó pe Ràímì pé kó lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́bàá òkúta, kó yí i padà sídìí òfì.

Látìgbà náà, kò sí ìtàn tí mo túmọ̀ tí kì í kọ́kọ́ gba Òjé kọjá kó tó dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Olótùú ń kùn pé mò ń fi àkókò ṣòfò. Òótọ́ ni, ó sì ń rẹ̀ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí Bàbá Ràímì kì í jẹ́ kí n sá fún ibi tó le.

Lọ́jọ́ kan mo pàdé àwọn tó ń sin ìyàwó lọ sí Oníyanrìn. Mo dá iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mọ̀ lára ìyàwó náà. Ẹkún ló ń sun ṣáá, mi ò sì mọ̀ bóyá ti àṣà ni tàbí ti ọkàn. Ṣùgbọ́n aṣọ ara rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.